Àwọn Sójà Bọ́mà: A Pa Orúkọ Pápá Ogun Mọ́, A Gbàgbé Ẹni Tó Jà Níbẹ̀

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 1944 nígbà tí ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í ró létí odò Kaladan, lágbègbè Arakan nílẹ̀ Bọ́mà. Àwọn tí wọ́n ń yìnbọn lù kì í ṣe ògbójú jagunjagun. Òṣìṣẹ́ ìlera ológun ni wọ́n, àwọn tó ń wẹ egbò, tó ń gbé aláìsàn, tó ń pín oògùn ibà. Etí odò ni wọ́n sùn mọ́jú.

Ọ̀kan nínú wọn ni Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún méjìdínlógún ni nígbà náà. Ọta fọ́ eegun ẹsẹ̀ rẹ̀, òmíràn bà á níkùn. Ó ṣubú, kò lè dìde mọ́. Ibi tó bá yíjú sí, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń kérora níbẹ̀.

Nígbà tí ìbọn dákẹ́, àwọn ọmọ ogun Jàpáànì jáde láti inú igbó. Wọ́n bá a nínú ẹ̀jẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, òun àti Sájẹ́ǹtì David Kagbo, ọmọ ilẹ̀ Sàró tí ọta bà bákan náà, nìkan ló ṣẹ́kù láàyè níbẹ̀. Wọn ò ní oúnjẹ, wọn ò ní oògùn, wọn ò sì gbọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀.

Yorùbá ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ. Ogun ti Fadoyebo kò rán ẹnì kankan sí i kó tó dé, ẹsẹ̀ tó sì fi sílẹ̀ fún un, títí dọjọ́ ikú ló ń fi í tiro.

Ó lé ní àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí ìtàn yìí tó jáde ní ìwé. *A Stroke of Unbelievable Luck* ni àkọlé rẹ̀, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà ló sì tẹ̀ ẹ́ ní 1999. Ìwé náà kò nípọn, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n: ogun Hítílà láti ẹnu sójà adúláwọ̀ fúnra rẹ̀. Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, ọmọ Nàìjíríà ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Díẹ̀ kín-ín-ní ló kọ nǹkan sílẹ̀. Àwọn yòókù fẹnu sọ tiwọn nídìí ẹmu, àwọn mìíràn kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Kí ló gbé wọn débẹ̀?

Báwo ni ọmọ Emure-Ilé ṣe dé igbó Bọ́mà? Fadoyebo ti ka ìwé mẹ́fà tán, kò sì tíì ríṣẹ́ gidi kan ṣe. Ní oṣù kìíní ọdún 1942, ó wọ Abẹ́òkúta lọ, ó forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Kò bi bàbá, kò bi ìyá. Nígbà tó dàgbà tó ń kọ ìwé rẹ̀, kò pe ara rẹ̀ ní akọni nítorí pé ó lọ. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ tó ń gbóná lára rẹ̀ ló dá lẹ́bi.

Àwọn onímọ̀ ìtàn tó ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí ní ohun tó gbé àwọn ọ̀dọ́ wọṣẹ́ ológun nígbà náà pọ̀. Owó oṣù ni àwọn kan ń wá. Àwọn kan fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń wa mọ́tò tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mìíràn láìsanwó. Àwọn mìíràn gbọ́ ohun tí ìjọba ń polongo kiri, pé bí Hítílà bá borí, yóò sọ adúláwọ̀ di ẹrú.

Àwọn kan tún wà tí kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè. Ajẹ́lẹ̀ á ránṣẹ́ sí ọba tàbí baálẹ̀ pé iye ọkùnrin báyìí lòun ń fẹ́. Kò sí baálẹ̀ tí kò mọ ọmọ ẹni tó lè mú láìsí ẹni tí yóò bá a jà. Ẹni tí kò ní alágbàwí láàfin ni ọmọ rẹ̀ kọ́kọ́ ń lọ.

Nílé pàápàá, ogun náà wọ ilé ìdáná. Àwọn ìyá àgbà tó bá ìgbà yẹn máa ń sọ̀rọ̀ nípa iyọ̀ tó wọ́n ju ohunkóhun lọ. Ní Èkó, ìjọba fi ọ̀gá òyìnbó kan tó ń jẹ́ Pullen ṣe alákòóso oúnjẹ, ó sì dá iye owó lé gàrí. Àwọn obìnrin ọjà ní iye tó dá lé e kò tó iye táwọn ń rà á bọ̀ láti oko. Alimotu Pelewura, olórí àwọn obìnrin ọjà Èkó, ló ṣáájú wọn tí wọ́n fi kọ̀ jálẹ̀. Ìyá ń bá ìjọba fa gàrí mọ́ra wọn lọ́wọ́ l'Ékòó, ọmọ sì wà lẹ́yìn òkun tó ń jagun fún ìjọba kan náà.

Láti Mogadishu dé Arakan

Bọ́mà kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ lọ. Nígbà tí Ítálì dara pọ̀ mọ́ Hítílà ní 1940, ilẹ̀ Sòmálíà àti Etiópíà di pápá ogun. Àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà gbéra láti Kẹ́ńyà, wọ́n sì wọ Mogadishu ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1941. Wọ́n jà ní ẹnu ọ̀nà orí òkè tí wọ́n ń pè ní Marda Pass, wọ́n gba Harar ní oṣù kẹta. Nígbà tó di oṣù kẹrin, Addis Ababa ti bọ́ lọ́wọ́ Ítálì.

Lọ́dún 1942, Jàpáànì gba Bọ́mà mọ́ Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́, ewu sì dé ẹnubodè Íńdíà. Ìgbà náà ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rántí pé àwọn ọmọ Áfíríkà mọ igbó rìn. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, wọ́n dá ọ̀wọ́ ọmọ ogun 81 sílẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ Ọ̀gágun Woolner. Àmì tí wọ́n rán mọ́ aṣọ wọn ni aláǹtakùn, ìyẹn Ananse ọlọ́gbọ́n inú àlọ́ àwọn Akan, tí Hausa ń pè ní Gizo. Ọ̀wọ́ 82 tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà.

Iṣẹ́ tí wọ́n pín fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ogun yìí kò ṣàìní í ṣe pẹ̀lú ibi tó ti wá. Láti ìgbà pípẹ́, ọmọ Òkè Ọya ló pọ̀ jù lára àwọn tó ń gbébọn, èdè Hausa ni wọ́n sì fi ń pàṣẹ ní bárékè. Àwọn Yorùbá àtàwọn ará Gúúsù yòókù tó ti jókòó ní kíláàsì ni wọ́n ń kó sídìí ìwé, wáyà, mọ́tò àti ilé ìwòsàn. Bí Fadoyebo ṣe dé ẹ̀ka ìlera nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọta ìbọn kì í béèrè ẹ̀ka téèyàn wà.

Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1944, ọ̀wọ́ 81 ti wà ní àfonífojì Kaladan. Ẹ̀ka wọn kan kò bá wọn lọ síbẹ̀. Bàtálíọ̀nù 6, 7 àti 12 ti Nàìjíríà ni wọ́n kó fún Ọ̀gágun Orde Wingate, tó ń kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chindit lọ sẹ́yìn àwọn ọ̀tá. Bààlúù ló gbé wọn lọ, tó já wọn sílẹ̀ nínú igbó tí àwọn ará Jàpáànì yí ká. Wọ́n wà lára àwọn tó di ibùdó White City mú lójú ọ̀nà rélùwéè, níbi tí àwọn ọ̀tá ti ń ya lù wọ́n lóru léraléra.

Orí ni mọ́tò wọn

Ẹni tó bá béèrè lọ́wọ́ sójà Bọ́mà pé kí ló le jù lójú ogun lè máa retí ìtàn ìbọn. Ẹrù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ ń dárúkọ.

Àfonífojì Kaladan kò ní títì. Òkè lórí òkè ni, igbó dídí ló bò ó, odò sì gé e sí wẹ́wẹ́. Àwọn ọmọ ogun 81 fi ọkọ́, àdá àti ọwọ́ la ọ̀nà tó tó 120 kìlómítà gba orí àwọn òkè náà kí mọ́tò jíìpù lè kọjá. Wọ́n pe ọ̀nà náà ní West African Way. Níbi tí ọ̀nà yẹn parí sí, orí ló kù.

Ẹgbẹ́ àwọn aláàárù wà nínú ọmọ ogun wọn tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n di òṣùká, kí wọ́n gbé àpótí ọta lérí, kí wọ́n sì máa tẹ̀ lé àwọn tó ń jà. Àtẹ̀gùn ni òkè náà láàárọ̀, ọ̀gbun ni lọ́sàn-án, ẹrẹ̀ ni bí òjò bá dé. Bí ìbọn bá dún, aláàárù ò lè sọ ẹrù nù kó sá, torí ohun tó wà lórí rẹ̀ gan-an ni àwọn tó wà níwájú ń dúró dè. Àwọn ọ̀gá pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmì ọ̀wọ́ 82 ni ọ̀kọ̀ méjì tó kọjá lára ara wọn nínú òṣùká aláàárù.

Oúnjẹ ń ti òkè wá. Bààlúù á fò kọjá, á ju àpò ìrẹsì, bísíkíìtì àti ẹran inú agolo sílẹ̀. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, bààlúù ò ní wá, ebi sì dé nìyẹn. Bí ó bá wá, àfi kéèyàn sá fún àpò tó ń já bọ̀.

Ẹ̀fọn àti eṣúṣú kò mọ ọ̀rẹ́ yàtọ̀ sí ọ̀tá. Eṣúṣú á gba inú bàtà wọlé láìdun onítọ̀hún, ìgbà tó bá bọ́ bàtà ní ìrọ̀lẹ́ ló máa tó rí ẹ̀jẹ̀. Nítorí ibà, dandan ni kí wọ́n máa gbé oògùn mẹpakírìn mì lójoojúmọ́. Oògùn náà korò, ó sì máa ń sọ awọ ara àti ẹyinjú di pupa rúsúrúsú bíi ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe.

Ohun tí wọ́n sọ, ohun tí wọ́n gbé mì

Àwọn sójà tó bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní ìwé ìròyìn tiwọn lọ́hùn-ún, *RWAFF News*, tí wọ́n ń tẹ̀ ní Íńdíà fún àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ojú àwọn ọ̀gá wà lára gbogbo ohun tó bá jáde. Ohun tó dun sójà jù kò lè wà níbẹ̀.

Lára ohun tó dùn wọ́n ni owó. Sójà adúláwọ̀ kì í gba iye tí òyìnbó ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ wà nínú kòtò kan náà. Bí ó ti wù kó mọ iṣẹ́ tó, ó ṣòro kó di ọ̀gá. Òyìnbó ló ń pàṣẹ, títí kan òyìnbó tí kò tíì rí igbó rí kó tó dé Bọ́mà.

Àmọ́ wọ́n rí nǹkan mìíràn tó yí èrò wọn padà. Wọ́n rí òyìnbó tí ẹ̀rù ń bà, tó ń sunkún, tó ń ṣàìsàn, tó ń kú. Àwọn onímọ̀ ìtàn kan gbà pé ohun tí wọ́n rí yìí wà lára ohun tó mú kí àwọn ọ̀dọ́ tó padà wálé má bẹ̀rù ìjọba amúnisìn bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn ní kí a má sọ ọ́ di ńlá jù, pé ọ̀pọ̀ sójà kò bá òṣèlú lọ, oko àti òwò wọn ni wọ́n padà sí. Ó jọ pé òótọ́ wà nínú méjèèjì.

Nínú ilé, ọ̀rọ̀ wọn kì í pọ̀. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ Bọ́mà ní ohun tí bàbá náà máa ń sọ kò ju ti òjò àti ebi. Bí àwọn ọmọdé bá béèrè pé ṣé ó pa èèyàn, ṣe ló máa ń ní kí wọ́n lọ gbé omi wá. Obìnrin kan tí bàbá rẹ̀ wa mọ́tò ológun ní Íńdíà ní ìgbà tí ààrá bá sán lóru ni ìyá òun máa ń mọ̀ pé ogun ṣì wà lára ọkọ òun, torí yóò ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kó tó mọ̀ pé ilé lòun wà.

Nígbà náà, kò sí ẹni tó ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní àìsàn. Wọ́n á ní ogun ti wọ̀ ọ́ lára. Àwọn kan ṣe ètùtù kí ọkùnrin náà tó wọ ilé, àwọn kan gbé e lọ sí ilé àdúrà, àwọn kan sì fi ọtí wo ara wọn. Àwọn onímọ̀ ìlera ọpọlọ òde òní mọ̀ pé ẹni tó bá la irú ogun bẹ́ẹ̀ kọjá nílò ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Sójà Bọ́mà kò rí irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àgbẹ̀ tó fẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu

Ìrántí tó jinlẹ̀ jù nínú ìwé Fadoyebo kì í ṣe ti àwọn tó yìnbọn fún un. Ti ẹni tó bọ́ ọ ni.

Lẹ́yìn ìkọlù ọjọ́ kejì oṣù kẹta yẹn, àwọn ará abúlé tó wà nítòsí rí òun àti Kagbo nínú igbó. Mùsùlùmí ni wọ́n, àgbẹ̀ paraku. Wọ́n ń gbé ìrẹsì wá fún wọn ní kọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Shuyiman kó àwọn méjèèjì wọ ilé tirẹ̀, níbi tí aya àti ọmọ rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí ọkùnrin yìí dáwọ́ lé. Àwọn ọmọ ogun Jàpáànì ń lọ, wọ́n ń bọ̀ ládùúgbò náà. Bí wọ́n bá bá sójà Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé rẹ̀, ikú ni fún un. Àwọn àlejò rẹ̀ kì í ṣe ìbátan rẹ̀, wọn kò jọ ẹnikẹ́ni tó ti rí rí, wọn kò lè sanwó, ọ̀kan nínú wọn kò sì lè rìn. Síbẹ̀, ó pín oúnjẹ ilé rẹ̀ fún wọn.

Oṣù mẹ́sàn-án ni ìyà yẹn, látìgbà tí ọta ti bà wọ́n. Ní oṣù kejìlá ọdún 1944, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tún wọ àfonífojì náà, àwọn ọmọ ogun Gurkha tó wà lára wọn dé abúlé náà, wọ́n sì kó àwọn méjèèjì yọ.

Fadoyebo padà sí Nàìjíríà, ó di òṣìṣẹ́ ìjọba ní Èkó, ó bímọ. Ṣùgbọ́n Shuyiman kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 2011, oníròyìn kan tó ń jẹ́ Barnaby Phillips gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ tí Fadoyebo kọ dé Bọ́mà. Shuyiman ti kú, àmọ́ ó rí àwọn ọmọ rẹ̀. Wọ́n mọ ìtàn àwọn adúláwọ̀ méjì tí bàbá wọn fi pamọ́. Phillips ṣe fíìmù lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé *Another Man's War*, tó jáde ní 2014. Fadoyebo kò bá ìwé yẹn láyé. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2012.

Rohingya là ń pe àwọn èèyàn Shuyiman lónìí. Ní 2017, ó lé ní 700,000 nínú wọn tó sá kúrò nílẹ̀ náà lọ sí Bangladesh nígbà tí àwọn ológun ìlú wọn dojú ìjà kọ wọ́n. Nígbà tí ìròyìn wọn ń jáde lórí rédíò wa, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé wọ́n ti gba ọmọ Yorùbá sílẹ̀ rí?

Ìlérí tó kú sójú omi

Ní oṣù kìíní ọdún 1945, ọ̀wọ́ 81 àti 82 jọ gba Myohaung, olú-ìlú àwọn ọba Arakan àtijọ́. Ọ̀wọ́ 82 tẹ̀ síwájú, ó jà ní Dalet, Tamandu àti Letmauk. Ní oṣù kẹjọ, Jàpáànì túúbá.

Ogun parí, ṣùgbọ́n wọn ò tètè délé. Ọkọ̀ ojú omi kò tó, àwọn mìíràn sì tún dúró lọ́hùn-ún di ọdún tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó dé bá ìlú tí gbogbo nǹkan ti gbówó lórí. Ní oṣù kẹfà ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan lára aṣíwájú wọn ti daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà nítorí owó oṣù tí kò tó ná.

Ìjọba ti ṣèlérí iṣẹ́ fún àwọn sójà. Àwọn tó rí i gbà kò tó nǹkan. Ọ̀pọ̀ gba owó díẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fún wọn ní ìwé ìtúsílẹ̀ àti àmì ẹ̀yẹ, ó parí. Owó ìfẹ̀yìntì oṣooṣù kò kan ẹni tí kò ju ọdún mélòó kan lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2019, àwọn oníròyìn gbé ìwé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan jáde tó fi hàn pé àwọ̀ ara wà lára ohun tí wọ́n fi pinnu iye tí sójà máa gbà nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀, àti pé ti adúláwọ̀ kò sún mọ́ ti òyìnbó rárá.

Ní Accra, ọ̀rọ̀ náà di ẹ̀jẹ̀. Ní ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kejì ọdún 1948, àwọn tó ti jagun rí tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ bá gómìnà. Ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n, mẹ́ta nínú wọn kú. Ní ilẹ̀ Yorùbá, wọn ò yìnbọn fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn gbàgbé wọn ni. Àwọn àgbà ní ẹni a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Orúkọ tí kọ́ńdọ́ ń pè

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Mọ́kọ́lá n'Ìbàdàn máa gbọ́ orúkọ Letmauk Barracks. Ẹni tó ń gbé Yábàá l'Ékòó mọ Myohaung àti Marda. Ẹni tó ń gba Àpápá kọjá mọ Arakan. Dodan Barracks ní Ọbáléndé ni olórí ìjọba ológun ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, pàápàá lọ́jọ́ tí wọ́n bá fìbọn gbàjọba. Mogadishu wà ní Abuja, Chindit wà ní Zaria, Dalet àti Kalapanzin wà ní Kaduna.

Pápá ogun ni gbogbo wọn, àfi Chindit tó jẹ́ orúkọ àwọn jagunjagun. Ṣùgbọ́n ẹ bi kọ́ńdọ́ tó ń pe Letmauk pé kí ni í jẹ́. Yóò ní orúkọ bárékè ni. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gba iwájú Myohaung lọ sílé ìwé. Bóyá lẹ ó rí ẹnì kan nínú mẹ́wàá tó mọ̀ pé ibẹ̀ ni èèyàn rẹ̀ kú sí.

Ère sójà àti aláàárù tó dúró ní Ìdúmọ̀tà fún ìrántí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ ìrántí àwọn ológun pàápàá yí padà. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kọkànlá ni tẹ́lẹ̀ bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, wọ́n sún un sí ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, ọjọ́ tí ogun Biafra parí ní 1970. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, torí ogun tiwa ni. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ náà ti ń kọjá lọ́dọọdún, ìwọ̀nba ni ọ̀rọ̀ tó ń kan àwọn tó lọ Bọ́mà.

Nítòsí Yangon, nílẹ̀ Bọ́mà, itẹ́ òkú Taukkyan wà. Orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun tí kò ní sàárè tí ẹnì kan mọ̀ ni wọ́n gbẹ́ sára òpó ibẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà wà lára wọn. Àwọn tó kọ́ ọ rántí kọ orúkọ wọn. Àwa tí a bí wọn kò ní irú rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bárékè kankan.

Àwọn òǹkọ̀wé ti gbìyànjú. Biyi Bandele, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Kafanchan, gbọ́ ìtàn ogun náà lẹ́nu bàbá rẹ̀ tó lọ Bọ́mà. Ní 2007, ó gbé ìwé ìtàn àròsọ *Burma Boy* jáde lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá Wingate jà. Ó kú ní 2022. Ìwé kan, méjì, kò lè ru ẹrù àwọn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló kù tí a lè ṣe?

Ẹni tó kéré jù nínú àwọn tó lọ Bọ́mà, bó bá ṣì wà láyé, ti sún mọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Kò sí àkókò mọ́ láti máa dúró de ìjọba. Àwọn tó kù tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn ni ọmọ wọn, àwọn yẹn náà sì ti di àgbàlagbà.

Bí bàbá yín tàbí bàbá àgbà yín bá lọ ogun Hítílà, ẹ lọ wo inú àpótí. Ìwé ìtúsílẹ̀ rẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀, orúkọ ẹ̀ka rẹ̀ àti ọdún tó wọṣẹ́. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ikán tó jẹ ẹ́. Bí ẹ bá rí àmì ẹ̀yẹ onírin tó ní igun mẹ́fà, tí wọ́n kọ Burma Star sí lára, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra irin àtijọ́ kiri.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ẹni tó dàgbà jù nínú ẹbí, kí ẹ sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù yín. Ẹ má béèrè iye èèyàn tí bàbá pa. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ lọ́hùn-ún, ẹni tó ṣe é lóore, orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí kò padà wálé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ọdún àti orúkọ ìlú. Ẹ mú ẹ̀dà kan fún ilé ìwé àdúgbò yín, kí ẹ sì mú òmíràn lọ sí ilé àkójọ ìwé ìtàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn. Bí ọmọdé kò bá ìtàn, á bá àrọ́bá, ṣùgbọ́n àrọ́bá pàápàá ń fẹ́ ẹni tí yóò rò ó.

Ti ìjọba kò pọ̀. Kí wọ́n ri pátákó kan sẹ́nu ọ̀nà bárékè kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ orúkọ pápá ogun. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí ará àdúgbò gbọ́: ibi tí Letmauk wà, ọdún tí wọ́n jà níbẹ̀, àti orúkọ àwọn ọmọ Nàìjíríà tó kú níbẹ̀. Owó tí yóò náni kò tó owó ayẹyẹ ọjọ́ kan. A ti pa orúkọ àwọn igbó Bọ́mà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tó àkókò kí a kọ orúkọ àwọn ọmọ wa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.